Ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Tó Ń Lọ Kóòtù: Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Fáìlì, Owó àti Ìbúra Kí Ẹjọ́ Má Bàa Padà Sórí Yín

Owó oníbàárà tó wọ àkáǹtì ọ́fíìsì. Ọjọ́ ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó kọjá tí ẹnikẹ́ni ò rí i. Ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ sí ìwé ìbúra nínú ọ́fíìsì lọ́yà. Nǹkan tó kéré lójú báyìí ló ń ba ẹjọ́ tó dára jẹ́, òun náà ló sì ń gbé agbẹjọ́rò dé iwájú LPDC, ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn agbẹjọ́rò wí ní Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ yẹn lè kìlọ̀ fún èèyàn, ó lè dá a dúró fún ìgbà kan, ó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò pátápátá. Ìwé mẹ́ta ni kó wà nítòsí yín: Legal Practitioners Act, Legal Practitioners' Accounts Rules ti 1964, àti Rules of Professional Conduct, òfin ìwà tó yẹ agbẹjọ́rò, tí gbogbo wa ń pè ní RPC. Ẹ̀dà RPC ti 2007 ló ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n ti tún un ṣe ní 2023, èyí tuntun ni kí ẹ máa lò.

Orúkọ ṣáájú ìtàn

Bí ẹnì kan bá ti jókòó síwájú yín tó ro ẹjọ́ rẹ̀ délẹ̀, àṣírí rẹ̀ ti wà lọ́rùn yín, ẹ gba ẹjọ́ náà o, ẹ ò gbà á o. Tó bá wá jẹ́ pé oníbàárà yín àtijọ́ ló fẹ́ pè lẹ́jọ́, ẹ ti há sáàárín méjì. Ìdí nìyí tí akọ̀wé yín fi gbọ́dọ̀ gba orúkọ kí ẹnikẹ́ni tó gba ìtàn. Fọ́ọ̀mù ojú ewé kan ti tó: orúkọ ẹni tó wá, iléeṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó jọ ni ín, ẹni tó fẹ́ bá ṣẹjọ́, agbẹjọ́rò tó ti kọ́kọ́ mú ẹjọ́ náà lọ́wọ́ bó bá wà, àti ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Kí akọ̀wé yẹ orúkọ wọ̀nyẹn wò nínú ìwé orúkọ gbogbo oníbàárà, tòní àti tàná, kó tó ní kí àlejò wọlé.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, orúkọ méjì ò tó rárá. Ẹbí kan lè ní ojúlé mẹ́ta tàbí ìdí-igi mẹ́rin, ẹni tí ẹ bá gbẹjọ́ rò ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn sì lè jẹ́ ọmọ ìdí-igi tí wọ́n fẹ́ kí ẹ wá pè lẹ́jọ́ lónìí. Ẹ kọ orúkọ olórí ẹbí, ti àwọn àgbà tó fọwọ́ sí ìwé, ti ẹni tó rà á, nọ́ńbà sọ̀fè, àti orúkọ ilẹ̀ náà bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò àti bó ṣe wà nínú ìwé. Orúkọ méjèèjì kì í sábà bára mu, ibẹ̀ sì ni àyẹ̀wò ti máa ń fò.

Ohun mìíràn tún wà nínú ẹjọ́ ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ ìwé rírà náà, tí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka owó, ẹlẹ́rìí ni yín, ẹ kì í ṣe agbẹjọ́rò nínú ẹjọ́ yẹn mọ́. Kíkó fáìlì lé agbẹjọ́rò kékeré tẹ́ ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì lọ́wọ́ ò yanjú rẹ̀, torí òfin náà kan gbogbo agbẹjọ́rò tó wà lábẹ́ òrùlé kan. Àfi bí ẹ̀rí yín bá jẹ́ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò jiyàn sí nìkan, tàbí ìwọ̀nba ohun míì tí RPC yọ sílẹ̀. Ẹ gbé e fún ọ́fíìsì mìíràn ní kíá, kí agbẹjọ́rò kejì tó fi ẹnu yín lé yín lọ ní gbangba kóòtù.

Lẹ́tà àdéhùn

Kí lẹ́tà yìí jáde láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ gba iṣẹ́. Kó sọ iṣẹ́ tí ẹ gbà gan-an, kóòtù tí iṣẹ́ náà parí sí (ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àdéhùn tuntun ni), owó iṣẹ́, owó ìforúkọsílẹ̀ ìwé ní kóòtù, owó ọkọ̀, àti ẹni tó láṣẹ láti bá yín sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ẹbí ló gbé ẹjọ́ wá, ẹ ní kí wọ́n yan ẹni méjì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àbúrò á ní kí ẹ parí ẹjọ́, ẹ̀gbọ́n á ní kí ẹ máa bá a lọ, olúkúlùkù á sì sọ pé ẹ ń gbowó lọ́wọ́ ẹnìkejì.

Owó ìjókòó kọ̀ọ̀kan ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ kọ ọ́ gbangba: bí ẹ bá dé kóòtù tí adájọ́ ò jókòó, ṣé ẹ máa gbowó ọjọ́ yẹn? Bó bá jẹ́ olùjẹ́jọ́ ló bẹ̀bẹ̀ fún ìsúnsíwájú ńkọ́? Oníbàárà ò ní bi yín ní ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ kẹsàn-án tí ẹjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni yóò bi yín, ohùn rẹ̀ ò sì ní dùn.

Nínú ẹjọ́ ìlú (civil, èyí tí kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn), òfin fàyè gba pé kí owó iṣẹ́ yín jẹ́ ìdá kan nínú ohun tí oníbàárà bá gbà. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí fún un, kí ẹ sì fún un láǹfààní láti yan owó tó bá iṣẹ́ yín mu dípò rẹ̀. Ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní tòótọ́, ìdá náà ò sì gbọ́dọ̀ kọjá ohun tó bójú mu. Nínú gbígbèjà ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, kò sí àyè fún un rárá. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ṣàdéhùn pé ẹ̀yin lẹ máa gbé ìnáwó ẹjọ́ oníbàárà. Ẹ lè yá a lówó láti fi forúkọ ìwé sílẹ̀, kó san án padà, ibẹ̀ ni àṣẹ yín mọ.

Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ọwọ́ yín mọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń gbowó iṣẹ́, Legal Practitioners Act ti sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ di òfo. Ààbò tí agbẹjọ́rò ní kò ju ohun tó ń ṣe lójú kóòtù lọ. Ìwé tí ẹ gbàgbé láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì kò sí lára ìyẹn.

Lẹ́tà yìí kan náà ni kí ẹ ti sọ fún un pé ọ̀nà míì wà yàtọ̀ sí kóòtù, bí ìlàjà àti ìdájọ́ alárinà. RPC kà á sí ojúṣe yín láti sọ fún un. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ gíga pàápàá fẹ́ rí fọ́ọ̀mù tó fi hàn pé ẹ ti gbìyànjú láti yanjú rẹ̀ kí ẹ tó wá, Lagos Multi-Door Courthouse sì ti wà láti 2002 fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ àti ohun tí oníbàárà fèsì sínú fáìlì.

Owó tí kì í ṣe tiyín

Ẹ ṣí àkáǹtì kan tí ọ̀rọ̀ náà «client» wà lára orúkọ rẹ̀. Owó oníbàárà tó bá wọlé, ibẹ̀ ni kó lọ láìjáfara. Owó iṣẹ́ yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìwé owó ránṣẹ́, inú àkáǹtì ọ́fíìsì ni kó wà. Àárín méjèèjì ni gbogbo ọ̀ràn wà.

Ẹ jẹ́ ká mú owó kan yẹ̀ wò. Olùjẹ́jọ́ san ₦4,200,000 tí kóòtù dá fún oníbàárà yín. Àdéhùn yín jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ sì ti yá a ní ₦65,000 fún owó baílíìfù (òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń gbé ìwé ẹjọ́ lọ fún èèyàn) àti ìforúkọsílẹ̀. Gbogbo ₦4,200,000 máa kọ́kọ́ wọ àkáǹtì oníbàárà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ kọ̀wé sí i pé owó ti dé, ẹ sọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó dé. Ẹ fi ìwé owó tẹ̀ lé e: ₦420,000 fún iṣẹ́, ₦65,000 fún owó tí ẹ yá a, pẹ̀lú rìsíìtì kóòtù lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yìí ni ₦485,000 tó lè kúrò níbẹ̀ lọ sí àkáǹtì ọ́fíìsì, kí ₦3,715,000 lọ sọ́wọ́ olówó. Nínú ìwé ìṣirò, ojú ewé tirẹ̀ ni kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní, kó sì parí sí òdo nígbà tí ẹ bá ti san owó rẹ̀ tán. Ní ìparí oṣù, ẹ ro gbogbo ojú ewé wọ̀nyẹn pọ̀. Àròpọ̀ wọn gbọ́dọ̀ bá iye tí báńkì sọ mu dé kọ́bọ̀. Bí kò bá bá a mu, owó ẹnì kan ti bọ́ sápò ẹlòmíì, ẹ wá a kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọdún mẹ́fà ni òfin ní kí ẹ tọ́jú ìwé ìṣirò yìí.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: ọjọ́ Ẹtì dé, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ò pé, ₦3,715,000 sì wà níbẹ̀ tí oníbàárà ò tíì mọ̀. «Tí owó tèmi bá wọlé lọ́jọ́ Ajé, màá dá a padà.» Ẹ̀ṣẹ̀ náà ti pé lọ́jọ́ Ẹtì, kódà bí ẹ bá dá a padà kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́. Pípẹ́ kí oníbàárà tó gbọ́ pé owó ti dé, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn náà.

Ní ti owó ní ọwọ́, òfin tó lòdì sí fífọ owó ti 2022 ò fàyè gba ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tàbí mílíọ̀nù mẹ́wàá fún iléeṣẹ́. Ẹni tó bá gbé àpò owó wá sí ọ́fíìsì yín, ẹ júwe báńkì fún un.

Oníbàárà tó bá kọ̀ láti sanwó iṣẹ́, ẹ kì í kàn án gbé lọ sí kóòtù. Ẹ fi ìwé owó tí ẹ fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí i, ẹ dúró fún oṣù kan gbáko. Ìwé náà gbọ́dọ̀ tú iṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí ẹ lọ, ìwé tí ẹ kọ, iye tí ẹ fi lé èyí àti iye tí ẹ fi lé ìyẹn. «Owó iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ₦2,000,000» lórí ìlà kan ṣoṣo kò tó, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú Oyekanmi v. NEPA (2000).

Ọjọ́

Ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ méjì ni kí ọ́fíìsì ní, ọ̀kan níwájú akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Bí fáìlì bá ti wọlé, ìbéèrè kìíní ni pé ọjọ́ wo ni ẹjọ́ yìí máa kú. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ fẹ́ pè nítorí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta ni Public Officers Protection Act fún yín. Ọ̀pọ̀ àjọ ìjọba sì tún fẹ́ kí ẹ fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, ìyẹn lè jẹ oṣù kan nínú mẹ́ta náà. Ìwé ẹ̀hónú ìdìbò kò ní ju ọjọ́ 21 lọ lẹ́yìn ìkéde èsì, kò sì sí ẹni tó lè fi ọjọ́ kan lé e, adájọ́ pàápàá ò lè ṣe é.

Láti lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nínú ẹjọ́ ìlú: ọjọ́ 14 fún ìpinnu tí kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, oṣù mẹ́ta fún ìdájọ́ ìkẹyìn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí agbẹjọ́rò máa ka ọjọ́ láti ìgbà tó rí ẹ̀dà ìwé ìdájọ́ gbà. Ọjọ́ tí adájọ́ kà á sétígbọ̀ọ́ yín ni aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Tí akọ̀wé kóòtù bá wá lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fún yín ní ẹ̀dà, ọjọ́ 14 ti parí. Ẹ kọ àkọ́kọ́ ìdí ìpẹ̀jọ́ yín látinú ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ ní kóòtù, ẹ lè tún un ṣe lẹ́yìn náà. Nínú ìwé ọjọ́, ẹ fi ọjọ́ ìkẹyìn síbẹ̀, kí ẹ tún fi ọjọ́ méje ṣáájú rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ méje yẹn ni kí ọ́fíìsì máa bẹ̀rù.

Ọwọ́ tó fọwọ́ sí i

Láti ìgbà ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nínú Okafor v. Nweke (2007), ìwé tí wọ́n fi orúkọ ọ́fíìsì nìkan fọwọ́ sí kò wúlò, torí orúkọ ọ́fíìsì kò sí nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò. Ọdún mẹ́wàá ẹjọ́ lè wó lórí ìlà kan yìí. SLB Consortium v. NNPC (2011) sọ bó ṣe yẹ kó rí: ìfọwọ́sí agbẹjọ́rò, lẹ́yìn náà orúkọ rẹ̀ kó hàn kedere, lẹ́yìn náà ẹni tó ń ṣojú fún, lẹ́yìn náà orúkọ àti àdírẹ́sì ọ́fíìsì. Bí orúkọ agbẹjọ́rò mẹ́rin bá wà níbẹ̀, kí ẹni tó fọwọ́ sí i fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí akọ̀wé fọwọ́ sí i fún yín nítorí pé ẹ wà lójú ọ̀nà. Òǹtẹ̀ NBA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, ní tirẹ̀, bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ìwé náà ò kú; Yaki v. Bagudu (2015) ní ẹ lè padà wá fi sí i. Ìfọwọ́sí kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ẹlẹ́rìí ló tún ṣòro jù èyí lọ, pàápàá nígbà tí ẹlẹ́rìí bá jẹ́ ìyá àgbàlagbà tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni pé agbẹjọ́rò á gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, màmá á tẹ ìka sí i lórí tábìlì ọ́fíìsì, akọ̀wé á gbé e lọ sí kóòtù fún òǹtẹ̀. Ọjọ́ tí màmá bá dúró sínú àpótí ẹlẹ́rìí, agbẹjọ́rò kejì á béèrè nǹkan mẹ́ta péré: «Màmá, ṣé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Níbo lẹ ti tẹ ìka síwèé yìí? Ta ló wà níbẹ̀?» Màmá ò ní purọ́. «Ní ọ́fíìsì lọ́yà ni.» Ẹ̀rí náà ti lọ nìyẹn, torí iwájú kọmíṣọ́nà ìbúra, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gba ìbúra, ló yẹ kí ó ti búra, òfin ẹ̀rí ò sì gba ìwé tí wọ́n búra rẹ̀ níwájú agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ tàbí akọ̀wé rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ màmá sílẹ̀ ní Yorùbá, bó ṣe sọ ọ́. Bó bá ní «ìdí ọsàn tó wà lẹ́bàá odò», ẹ má ṣe sọ ọ́ di «ààlà ìhà ìwọ̀ oòrùn». Ẹ kà á sí i létí, ẹ jẹ́ kó tún ibi tó bá yẹ ṣe. Ẹlòmíì tó gbọ́ èdè méjèèjì ni kó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ máa dúró ní kóòtù. Nísàlẹ̀ ìwé, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ka ìwé náà sí i létí ní Yorùbá, pé ó hàn pé ó yé e kó tó tẹ ìka, kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́ sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé màmá dé ọ̀dọ̀ kọmíṣọ́nà ìbúra, ibẹ̀ ni kó ti tẹ ìka. Kí ògbufọ̀ náà búra pé ìtumọ̀ òun péye. Ẹ̀dà Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ forúkọ méjèèjì sílẹ̀ pọ̀. Ó máa gba ọjọ́ kan àti owó ọkọ̀ méjì. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ẹlẹ́rìí, ẹ lè san án, àmọ́ owó tó so mọ́ bí ẹjọ́ bá ṣe parí, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún un. Ẹ lè ràn án lọ́wọ́ láti rántí. Ohun tí kò rí, ẹ má ṣe kọ́ ọ pé ó rí i.

Níwájú adájọ́

Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó lòdì sí yín, tí ẹ mọ̀, tí agbẹjọ́rò kejì ò sì mẹ́nu bà, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún adájọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣàlàyé bí ẹjọ́ tiyín ṣe yàtọ̀ sí i. Ìdájọ́ tí wọ́n ti yí padà, ẹ má ṣe kà á bíi pé ó ṣì dúró. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ AI ṣèwádìí, ẹ wá gbogbo ẹjọ́ tó bá dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìdájọ́ gidi, ojú ewé àti ìpínrọ̀. Ní New York ní 2023, nínú Mata v. Avianca, adájọ́ bu owó ìtanràn $5,000 lé àwọn agbẹjọ́rò tó kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí wá síwájú rẹ̀.

Ẹ má ṣe wọlé tọ adájọ́ lọ nípa ẹjọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí agbẹjọ́rò kejì ò sí níbẹ̀. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ kó ẹnu ró lórí ẹjọ́ tó ṣì ń lọ, WhatsApp pàápàá wà lára ìta gbangba, bí nọ́ńbà igba èèyàn bá wà lórí fóònù yín. Olùjẹ́jọ́ tó ti ní agbẹjọ́rò, ẹ má ṣe pè é, kódà bó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ pè yín pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn parí ẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹ pe agbẹjọ́rò rẹ̀. Àwọn oníbàárà lè má ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, àmọ́ ẹ̀yin méjèèjì máa tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jọ̀wọ́ ẹjọ́

Ẹ ò lè kàn dáwọ́ dúró pé ó sú yín. Ìdí gbọ́dọ̀ wà: ìforígbárí tó yọjú, oníbàárà tó ní dandan kí ẹ purọ́ tàbí kí ẹ fi ẹjọ́ yọ ẹlòmíì lẹ́nu, tàbí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ àdéhùn owó sílẹ̀. Ẹ fún un ní ìwé ìkìlọ̀ tí àkókò inú rẹ̀ tó fún un láti wá agbẹjọ́rò míì, ẹ má ṣe fún un ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbẹ́jọ́. Owó tí ẹ gbà fún iṣẹ́ tí ẹ ò tíì ṣe, ẹ dá a padà. Títí kóòtù fi mọ̀ pé ẹ ti lọ, orúkọ yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni baílíìfù máa gbé ìwé wá bá.

Ẹni tó bá gba fáìlì lọ́wọ́ ẹlòmíì, kó kọ̀wé sí agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ kó tó fi ìwé ìyípadà agbẹjọ́rò sílẹ̀ ní kóòtù, kó sì sa ipá rẹ̀ kí wọ́n san owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Nígbà tí fáìlì bá ń lọ, ẹ tẹ àkọsílẹ̀ ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Ojúlówó ìwé ilẹ̀, rìsíìtì àti sọ̀fè, ẹ kọ wọ́n sọ́tọ̀ sí àwọn ẹ̀dà lásán, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i níwájú yín, kó kọ ọjọ́ sí i. Ẹ fi ẹ̀dà kan àkọsílẹ̀ náà há iwájú fáìlì tó kù lọ́wọ́ yín.